Ẹ̀jẹ̀ Tó Wà Lára Àga Ọkọ̀ Náà

Ikú ni wọ́n dá fún mi. Adájọ́ l'Àkúrẹ́ ka ìdájọ́ náà láìgbé ojú sókè, àwọn tó tún ẹjọ́ mi gbọ́ sì ní àwọn kò rí ohun tí àwọn lè yọ níbẹ̀. Ó ku kí gómìnà buwọ́ lùwé. Níbi tí mo wà yìí, bí ẹsẹ̀ wọ́dà bá ti dún ní kọ́rídọ̀ láàárọ̀, gbogbo wa á dákẹ́. Bó bá kọjá, ẹnì kan á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á ti tọ̀ sára.

Ẹ ò nílò orúkọ mi. Akọ̀ròyìn rédíò ni mí tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé ni kí n gbé ẹ̀rọ sẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, kí n jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ṣe é títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Nítorí náà, n kò lè sọ pé ẹnì kan ló tàn mí. Mo mọ òótọ́ dáadáa kí n tó yí i padà.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan wà l'Àkúrẹ́ tí ọkọ̀ wọn ń ná Oǹdó lójoojúmọ́. Wọ́n gbà mí kí n máa bá wọn ṣe ètò lórí rédíò, kí n sì máa sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ fún àwọn awakọ̀ tuntun. Àga ọkọ̀ kan ni ìtàn náà dá lé lórí. Àga ẹ̀yìn ọkọ̀ tí Bàbá tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ kọ́kọ́ rà ni. Ó wà ní ọ́fíìsì gáréèjì wọn ní Ìsìkàn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Wọn kì í fọ̀ ọ́, wọn kì í pààrọ̀ awọ rẹ̀. Kí awakọ̀ tuntun tó gba kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ jókòó lé e, kó gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe débẹ̀.

Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Bàbá ń bọ̀ láti Oǹdó, ọkọ̀ rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ó rí ọkùnrin kan tí ọkọ̀ gbá sínú koríko, tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń yà fún. Ó dúró. Àwọn èrò bú u: "Ṣé òkú lo fẹ́ kó bá wa jókòó ni?" Bàbá ní kí ẹni tí kò bá lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọkùnrin náà sórí àga ẹ̀yìn, ó ṣẹ́rí ọkọ̀ padà sí ilé ìwòsàn l'Oǹdó, ó sì fi òfìfo ọkọ̀ wọ Àkúrẹ́. Gbólóhùn kan ni wọ́n fà yọ nínú rẹ̀, kò sì sí awakọ̀ wọn tí kò mọ̀ ọ́n: "A kì í fi èèyàn sílẹ̀ lójú ọ̀nà." Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ náà tó lágbára tó o.

Bàbá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin gba ipò rẹ̀. Màdáámù la máa ń pè é. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kó ọkọ̀ tuntun dé, ọkọ̀ tó ń sáré, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Èrò wa ń dín kù. Màdáámù pè mí sílé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá akọ̀ròyìn, ta ló fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ń dúró?"

"Mà, ìtàn bàbá yín mà ni."

"Mo mọ̀. Ó dára fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ bá mi tún un sọ." Ó bu omi fún mi. "Mo ń wá ẹni tó máa ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì wa tuntun l'Oǹdó."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Iyọ̀ díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bù sí i. Mo ní àwọn èrò kò bínú, pé ṣe ni wọ́n bá Bàbá gbé ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó já mi nírọ́. Nígbà tó yá, mo yọ ọkùnrin inú koríko kúrò pátápátá. Mo fi àwọn olè rọ́pò rẹ̀. Mo ní àwọn olè yọ sí Bàbá, wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́, ó kọ̀ kò dúró, ó wa ọkọ̀ náà tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára títí ó fi gbé gbogbo èrò rẹ̀ dé Àkúrẹ́ lásìkò. N kò tiẹ̀ ronú bí ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ṣe máa dé àga ẹ̀yìn. Àwọn tó ń gbọ́ náà kò ronú ẹ̀. Àwọn awakọ̀ tuntun ń jókòó lé àga náà, omijé ń bọ́ lójú wọn. Màdáámù ní kí wọ́n kọ ọ́ sára gbogbo ọkọ̀: "Ọkọ̀ Wa Kì í Dúró."

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Rótìmí ti gbọ́ ìtàn náà látẹnu Bàbá fúnra rẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo gbọ́ lọ́jọ́sí kọ́ nìyí o."

"Ìtàn máa ń dàgbà, Rótìmí."

"Ó dàgbà lóòótọ́. Ó dàgbà débi pé kò mọ bàbá ẹ̀ mọ́."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà ìkẹyìn tí a jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ní Òwènà, ọ̀kadà kan gbá obìnrin tó ń ta bọ̀ọ̀lì, ó sì sá lọ. Rótìmí ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọjá. Obìnrin náà kú kí ẹlòmíràn tó gbé e. Rótìmí wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò jókòó.

"Ó nawọ́ sí mi, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí i nínú gíláàsì."

"Kí ló dé tó ò dúró?"

"Ẹ̀yin lẹ ń bi mí? Ẹ jáde síta, kẹ́ ẹ lọ ka ara ọkọ̀."

Ojú tì mí, àmọ́ kò tì mí tó. Màdáámù ti mú mi lọ wo ọ́fíìsì Oǹdó. Mo ti yan ibi tí tábìlì mi máa wà.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbàlagbà kan dé sí gáréèjì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Akíntádé lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó ni, l'Oǹdó. Èdè Oǹdó ló ń sọ, èmi ni mo tún un sọ báyìí kó lè yé gbogbo yín. Ó gbọ́ ètò mi lórí rédíò. Ó wo àga náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀jẹ̀ ta lẹ ní nìyí?"

"Ti Bàbá tó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni, sà."

Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ojúgun rẹ̀ wọ́ bí ẹ̀ka igi. "Èmi ni mo ni ín. Bi egungun yìí, á dá ọ lóhùn."

Ó ní òun fẹ́ wá síbi ìrántí Bàbá tí ilé-iṣẹ́ wa máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú, òun á sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. "Gbogbo ayé ń kọjá lọ, òun nìkan ló dúró fún mi. Ẹ wá sọ ọ́ di ẹni tí kì í dúró! Ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kejì ni."

Mo ní kó jẹ́ kí n fi ọkọ̀ mi gbé e délé. Ọ̀sán gangan ni. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ipò tí mo ti ń retí nìyí."

"Ipò tó dúró lórí irọ́, ọmọ mi? Wọ́n kàn ń gbé ọ ga kí ìṣubú rẹ lè dún ni."

Níbi tí oko kòkó ti ṣú mọ́ ọ̀nà, ó ní kí n dúró, òun fẹ́ tọ̀. Ní kóòtù, mo ní n kò rò ó tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Inú búùtù ni sípánà wà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí búùtù, mo mú un, mo rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo láyè láti padà. Mo là á mọ́ ọn lórí.

Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ṣubú sínú koríko, ó sì wò mí lójú. Ó ní, "Gbé mi. N kò ní sọ ọ́ mọ́. Gbé mi."

Mo wọ ọkọ̀, mo lọ.

Rótìmí ló rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wí ní kóòtù bó ṣe wí i: "Àwọn èrò ní kí n máa lọ. Ọ̀kan ní, 'Dírẹ́bà, ṣé o ò mọ ohun tó wà lára ọkọ̀ rẹ ni?' Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró. Mo gbé e. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn, orúkọ ọ̀gá wa yìí ló ń dá." Ó nawọ́ sí mi. N kò lè gbójú sókè.

Bàbá Akíntádé sọ ẹni tó ṣe é fún ọlọ́pàá kó tó gbẹ́mìí mì. Nígbà tí wọ́n wá mú mi, ètò ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí àwọn olè ti yọ ni.

Ọmọbìnrin mi ń kàwé ní Ìlárá-Mọ̀kín. Ó wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Dádì, mo ti sọ fún wọn níléèwé pé ẹ ti kú."

"Ikú wo lo ní ó pa mí?"

"Jàǹbá ọkọ̀." Ó wolẹ̀. "Mo ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rí yín, wọn ò dúró. Wọ́n bá mi sunkún."

Mo la ẹnu kí n sọ fún un pé irọ́ kò dára. Mo tún un pa dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi nǹkan kan hàn yín, ìbáà jẹ́ àwòrán lára ògiri, ìbáà jẹ́ aṣọ tàbí orin, wọ́n á sì sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ohun tí ìtàn yẹn bá ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀gá kò sí nítòsí. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yí díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kó lè dùn, kẹ́ ẹ lè rí ipò, ẹ kọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ díẹ̀. Èmi rò pé mo lè dúró níbi iyọ̀. Ẹ má tẹ̀lé mi.

Bí ẹnì kan nínú yín bá sì pàdé ọmọbìnrin kan ní Ìlárá-Mọ̀kín tó ní jàǹbá ọkọ̀ ló pa bàbá òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a nírọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.