Ààlè Orí Pápá Bàálù

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú arafẹ́rakù. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin tí ẹ ti Odomèta àti Kpankou wá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Èmi Agathe, ẹ̀gbọ́n Cyriaque, ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tútù. Ẹ má bínú, kò sí ọ̀rọ̀ tútù lẹ́nu mi lónìí.

Gbogbo yín lẹ mọ bàálù ògbólógbòó tí àwọn òyìnbó tó ń ṣòwò òwú pa tì. Cyriaque tún un ṣe, ó sì ń wà á. A bẹ̀ ẹ́ títí kó fi í sílẹ̀, ó kọ̀, olóríkunkun ni. Ó ní lókè kò sí wàhálà, ìgbà tó bá balẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí òun fi ń darí rẹ̀ kì í sinmi, torí ìdí bàálù náà máa ń fẹ́ ṣáájú imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò gé ọ̀nà, ta ló gbé oògùn wá fún àwọn ọmọ yín? Cyriaque ni. Ta ló gbé Prudence lọ sí ọsibítù nígbà tó ń rọbí? Cyriaque náà ni.

Pápá tó ń bà sí, ibẹ̀ náà lẹ ti ń sá pákí, torí ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ mọ àdéhùn yín. Tó bá ti yí po lókè, kí ẹ palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ náà ó yí po, ẹ sáré, oníkálùkù kó tirẹ̀. Ó ku òkìtì kan láàárín pápá. Ẹ rí ààlè lára rẹ̀, àkísà pupa àti ìkarawun ìgbín, ni ẹ bá dúró tí ẹ ń wo ara yín. Ẹ̀rù ààlè bà yín ju ti ẹ̀mí ọmọ yín lọ. Ó tún yí po. Epo ń tán lọ, ó bà. Táyà òsì gun òkìtì yẹn, imú bàálù yà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó padà, kò gbọ́. Ìdí rẹ̀ ti yí wá síwájú. Ó fi apá gbálẹ̀, ó dojú dé. Ọmọ ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní báyìí wọ́n ní Huguette, ìyàwó rẹ̀, ló pa á. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó fi wọlé wa kò dára, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ lẹ́yìn ìsìnkú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá wa Akíndé, àbúrò bàbá tó bí wa. Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí n tó bi yín: ta ló ni pákí yẹn? Ta ló fi ààlè lé e?

 Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ dìde lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú yẹn. Huguette, wá jókòó síbẹ̀.

Cyriaque, àbúrò mi, máa lọ. Kí ibi tí ò ń lọ tẹ́jú fún ẹ, kí àwọn tó o máa bá níbẹ̀ sàn jù wá lọ. Máa lọ, má wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ kò kúrò nílé yìí.