Ohùn Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Alhaji Sàláù

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, torí ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí kì í lọ jìnnà. Makirofóònù ló ń bá mi gbé e. Ọlọ́run ló ni ọpẹ́ mi. Mo ti jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí rí nípa ọmọ, nípa ilé, nípa mọ́tò tí kò pa mí lọ́nà Ìlọrin. Ti òní yàtọ̀. Mo fẹ́ sọ bí ohùn mi ṣe lọ, àti ohun tí Ọlọ́run fi sípò rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ mí ní tíṣà. Wọ́n máa ń ní bí mo bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní Ìsánlú-Ìsin, àwọn ọmọ Òwu-Ìsin á ti máa dáhùn. Ohùn yẹn ló gbé mi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìlọrin nígbà tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀. Wọ́n fi mí sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iná mànàmáná àti àyíká. Òpó iná ni àwọn èèyàn ní kí n mú wálé, mo sì mú díẹ̀ wá. Àmọ́ inú igbó ni iná tí a fi ń se oúnjẹ ṣì ti ń wá, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì. Ìyá mi kò ní ilẹ̀. Igi igbá ló ní, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, lórí ilẹ̀ ìdílé míì. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Dúró, ló jogún wọn. Àwọn tó ń sun èédú wá bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, onílẹ̀ gbà. Kò sẹ́ni tó béèrè onígi. Ẹ̀gbọ́n mi dé oko, kùkùté ló bá.

Kò sunkún. Ó wá sílé mi, ó gbé èso igbá kan tó ṣà nílẹ̀ síwájú mi lórí tábìlì. Ó ní, “Ìwọ ni wọ́n ní ò ń ṣòfin. Ṣé òfin yín mọ ẹni tó ni igi?”

Òfin wa kò mọ̀ ọ́n. Mo bá kọ àbádòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi igbá tàbí igi emi, èyí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, láti fi sun èédú, ẹni tó bá gé e, ẹ̀wọ̀n ni.

Ogun dé. Àwọn tó ni lọ́rì èédú ń bú mi, àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa náà ń kẹ̀yìn sí mi. Nínú ilé aṣòfin, Alhaji Sàláù ló le jù, ọmọ apá ìlú Share, tí àwọn èèyàn rẹ̀ púpọ̀ ń fi èédú jẹun. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ náà, ó dìde, ó ní, “Olórí ilé, ẹ bá mi bi Ọnọ́rébù bóyá ohùn rẹ̀ la ó máa fi se ọbẹ̀, torí ó gbóná tó.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, n ò gbà fún ara mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo ní ọyẹ́ ni. Mo mu omi gbígbóná, mo lá oyin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo yanu láti pe ìyàwó mi, afẹ́fẹ́ ló jáde. Dókítà ní Ìlọrin rí nǹkan kan tó hù lọ́nà ọ̀fun mi. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Wọn ò ṣèlérí pé ohùn á padà. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Mi ò dá wọn lóhùn. Ohùn wo ni mo tilẹ̀ fẹ́ fi dá wọn lóhùn?

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àbádòfin mi ti sún mọ́lé. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ dìde gbé e kalẹ̀. Bí kò bá rí i gbé kalẹ̀, ó tán nìyẹn, torí sáà wa ń lọ sópin. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi náà ní, “Bàbá Fẹ́mi, ẹ jẹ́ kí igi sinmi, kí ẹ̀yin náà sinmi.” Mo mú síléètì tí mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà: RÁRÁ.

Ni ẹ̀yin ìyá ṣọ́ọ̀ṣì yìí bá gbààwẹ̀ fún mi. Ẹ ń gbàdúrà, èmi kò lè ṣe àmín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bẹ́ǹṣì. Ìyẹn ni àmín mi. Nídìí àdúrà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn: lọ bá Alhaji Sàláù nílé.

Mo kọ ọ́ han ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Èwo? Ẹni tó fẹ́ fi ohùn rẹ se ọbẹ̀ yẹn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó di irú sínú ewé, a gbéra.

Alhaji gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ti igi rẹ̀ fún un. Òun náà wá sọ tirẹ̀. Ó ní igi ni mò ń sọ, n ò sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gé e. Ó ní àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ kò tà ló ń sun èédú, kì í ṣe olè. Ta ló ti sọ ohun tí wọn yóò jẹ lẹ́yìn òfin mi fún wọn? Ká ní ohùn wà ni, mi ò bá ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kejì. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ títí ó fi dìde lọ kírun, tó sì padà wá parí rẹ̀.

Mo wá kọ ọ́ sórí síléètì pé: lọ́dọ̀ tiyín, ta ló ni igi emi? Ó ní igi emi ìyá òun wà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti bàbá òun, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Ibẹ̀ la ti tún òfin náà ṣe. A yọ ẹ̀wọ̀n kúrò. A ní onígi ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe onílẹ̀ nìkan. A ní kí ìjọba fún àwọn tó ń sun èédú ní igi tó ń tètè dàgbà, kí wọ́n máa gé èyí tí wọ́n bá gbìn.

Alhaji mirí. “Wọn á ní ẹ ti fún mi ní rìbá.”

“Ẹ sọ fún wọn pé irú ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó gbé ewé náà lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Olórí ilé pè mí. Mo dìde, mo yanu, afẹ́fẹ́ ni. Alhaji Sàláù dìde ní òdì kejì. Ó ní, “Olórí ilé, Ọnọ́rébù wà ní ìdúró. Mo yá a ní ohùn mi.” Ó ka òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó jà fún un bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ bá mi jà kò rí aṣíwájú mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn, ilé mì tìtì. Èmi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. Alhaji ní, “Ẹ ka ìyẹn náà mọ́ ọn.”

Èsì dókítà dé: kì í ṣe àìsàn tí a ń bẹ̀rù. Ohùn padà, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí. Àwọn tó ni lọ́rì kò dárí jì mí. Nígbà ìbò tó tẹ̀ lé e, mo pàdánù. Mo wálé, mo sùn dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Àwọn igi igbá tó rú láti ara kùkùté, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún wọn, onílẹ̀ kò sì bá wọn du ú. Ọ̀dọ́kùnrin tí bàbá rẹ̀ ń sun èédú ló jogún ìjókòó mi ní Ìlọrin. Alhaji ló jogún ipò mi nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àyíká. Síléètì wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi. Ohùn há yìí ni ogún tèmi, mo sì ń fi yin Ọlọ́run. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Àmín ọjọ́ àdúrà yẹn ṣì kù. Ẹ bá mi ṣe é, ẹ má fẹnu ṣe é. Ẹ gbá bẹ́ǹṣì.