Tìmùtìmù Tí Mo Rán fún Kápẹ́ńtà

Abẹ́rẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ mi, mo ń rán aṣọ tuntun bo tìmùtìmù àlòkù kan, nígbà tí Kápẹ́ńtà àti ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ wa. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, mi ò sì fẹ́ kí ó kù sínú mi mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ń wá gba àga onítáyà, ọ̀pá ìtìlẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí ẹni tí kì í fàyè gba àìbìkítà, ẹ̀yin àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fa ikú Kápẹ́ńtà. Mo sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ru ẹ̀bi náà lójú mi, láti ọdún dé ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mi ò wá àwáwí. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí àpò ìwé bá dé, n ó kà á, n ó ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná, n ó sì fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà. Kò sí olùkọ́ tó dúró tì mí. Èmi ni mo ń bá ara mi wí, ó sì mọ́ mi lára. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá iṣẹ́, mo ṣe òfin pé a kì í ju ohunkóhun nù níbí. Táyà tó bá lu, a ó gé e fi ṣe ìdí ọ̀pá. Bẹ́líìtì àga tó bá já, a ó sọ ọ́ di ìdè ẹsẹ̀ ọmọdé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ mí ní Màámi Má-ṣòfò. Wọ́n ní bí mo bá sín, n ó wá ibi tí n ó tọ́jú ẹ̀ sí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn sí orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbéraga ṣe ń wọlé síni lára, tí èèyàn á máa pè é ní ìwà rere.

Orí òrùlé ni Kápẹ́ńtà ti já bọ́. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sórí ohun tó bá ṣáà ti rí. Èmi tí ara mi ń mọ nǹkan, bí ìdí bá ti ń ro mí, n ó sún díẹ̀ láìtilẹ̀ ronú sí i. Òun kò lè mọ̀. Egungun ìdí á máa tẹ ẹran ara mọ́ ìjókòó títí ẹran náà á fi kú. Ìdí nìyẹn tí tìmùtìmù fi dà bí oògùn fún irú wọn. Fóòmù inú rẹ̀ sì máa ń tanni jẹ. Bí kò bá sẹ́ni lórí rẹ̀, á wú bíi tuntun. Bí èèyàn bá jókòó lé e, á rì pátá. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ẹni náà á jókòó, ìwọ á ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ sókè, wàá kì í bọ abẹ́ tìmùtìmù ní ọ̀gangan egungun ìdí. Bí egungun bá kan ìka rẹ, tìmùtìmù náà ti kú. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ìyàwó ń tì í bọ̀, Kápẹ́ńtà sì ti ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé tán. "Màámi Má-ṣòfò, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ìjókòó mi nìyẹn, àbí ìrọ̀rí tí ẹ fẹ́ fi sùn?"

"Tìẹ ni. Dákẹ́ kí n parí ẹ̀."

Ó wo ìlà òwú mi bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì. "Ó gún régé. Ká ní mo rí ọmọṣẹ́ tó lè gé pákó báyìí ni, èmi kọ́ ni ǹ bá gun òrùlé lọ́jọ́ náà."

Ìyàwó rẹ̀ gbá a léjìká. "Ẹ má dá a lóhùn, mà. Láti àárọ̀ ló ti ń da awakọ̀ tó gbé wa láàmú."

A gbé e sókè, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí tìmùtìmù náà. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìdí mi ò mọ̀ bóyá orí àpáta ló wà tàbí orí òwú. Ẹ bi ìyàwó mi, òun ló ń bá mi mọ̀ ọ́n." Mo kì ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Egungun kan ìka mi. Ó kàn án gbọingbọin, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìka mọ́ orí tábìlì. Tìmùtìmù tuntun kan wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn ò tíì tú u. Ṣùgbọ́n mo ti rán èyí tán. Mo ro ti pé n ó tú gbogbo òwú yẹn, n ó da fóòmù nù, ihò abẹ́rẹ́ á sì ba aṣọ jẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé kí tuntun yẹn dúró de ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń jókòó sílé lè fara mọ́ èyí. Ẹ gbọ́ irú ìrònú yẹn. Mo fa ọwọ́ mi yọ. "Ó dára," ni mo wí. "Ó ṣe rẹ́gí." Ìyàwó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́. Ọ̀kan nínú ọwọ́ náà ni èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi padà wá, òun nìkan. "Mà, ibì kan ń pọ́n nídìí ọkọ mi o. Ó pọ́n, ó sì gbóná." Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìgbà tó ṣì ń pọ́n la lè gba ẹ̀mí là. Ó yẹ kí n gbé tuntun fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e fún un, á bi mí pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́. Mo wò ó lójú. "Ṣé ò ń yí i lóru?"

"Mò ń yí i, mà."

"Ṣé ò ń gbé e sókè lórí àga lọ́sàn-án?"

"Mò ń gbé e, mà."

"O ò ṣe é tó. Lọ tẹra mọ́ ọn. Àìbìkítà ló ń fa irú ẹ̀."

Ó dorí kodò bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. Òun ló bẹ̀ mí.

Egbò náà là, ó jìn, ó dé egungun, ìdọ̀tí rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́, irú èyí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó ń wú níhìn-ín, tó ń wálẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ara má bàa dúró sójú kan. Ojú Kápẹ́ńtà ti jìn wọ inú. "Màámi, ẹ wá wo bẹ́ẹ̀dì tó ń mí," ló wí. "Bẹ́ẹ̀dì ń mí, èmi tí mo wà lórí ẹ̀ ni mi ò fẹ́ mí mọ́." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó rọra fà mí láṣọ. "Ẹ má bá ìyàwó mi wí mọ́ o. Ó ń gbìyànjú." Ó gbà pé mo ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí. Mo ní, "Mo gbọ́." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gbẹ̀yìn fún un nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ gba àga àti tìmùtìmù padà bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyàwó ti nu méjèèjì tinútẹ̀yìn. Mo gbé tìmùtìmù náà dé yàrá iṣẹ́, mo fi ọ̀bẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo sì dáná sun ún. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ olórí, òun nìkan ni ohun tí mo jù nù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà wá, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgùnpá rẹ̀. Kò jókòó. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ìjókòó tí ẹ fún àbúrò mi, ṣé ó ní àléébù?"

"Kò ní."

"Ó dá yín lójú?"

"Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Òótọ́ ni gbólóhùn yẹn, òun náà ló sì burú jù nínú irọ́ mi.

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyàwó yìí ló pa àbúrò mi nìyẹn." Mo dákẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti mú ọmọ kan ṣoṣo tí Kápẹ́ńtà bí lọ sílé ara rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò lè tọ́jú ọkọ kò lè tọ́ ọmọbìnrin.

Bóyá ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù. Mi ò tíì sọ ọ́. Ẹ mọ ìpàdé ìdílé tí a máa ń ṣe nínú gbọ̀ngàn, níbi tí a ti ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lo àwọn ohun èlò tí a fún yín. Mo ránṣẹ́ sí opó náà. Mo ní kó wá bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi tirẹ̀ kọ́gbọ́n. Ó wá. Ó dúró níwájú yín, ẹ̀yin náà rí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ọwọ́ mi ni ọkọ mi kú sí." Ẹ̀ ń sunkún, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń mi orí. Nígbà tó parí, mo dìde, mo ní ẹ̀kọ́ ńlá ni. Mo sì tún pè é wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Èmi Má-ṣòfò! Ẹkún obìnrin yìí pàápàá, mo rí ohun tí mo lè fi ṣe.

Nínú ìpàdé tó kọjá, nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ń lo àga onítáyà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má bínú, ìyá. Ṣé ẹ sùn lọ ni?" Opó náà ronú fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò rántí pé mo sùn," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ní láti ti sùn. Àbí kí ló tún lè ṣẹlẹ̀?" Mo gbọ́ ọ. Ó ti ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá kiri nínú orí ara rẹ̀, nítorí pé èmi sọ fún un pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo yín lọ tán, ó ń bá wa to àga gbọ̀ngàn léra. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: egungun tó kan ìka mi, ìbáwí, iná. Ó di àga kan mú, kò gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Tuntun wà níbẹ̀?"

"Ó wà lórí pẹpẹ."

"Lọ́jọ́ yẹn?"

"Lọ́jọ́ yẹn."

Ó to àga náà lé èyí tó kù. Ó to òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó fi ọwọ́ dá mi dúró. "Ẹ má sọ ìyẹn fún mi, mà. Mi ò ráyè ẹ̀. Ẹ gbé báàgì yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi là ń lọ."

Ilé búrẹ́dì náà gbóná, ààrò ń jó lápá kan. Ẹ̀gbọ́n ń po ìyẹ̀fun. Ó rí ìyàwó, ó ní, "Kí lo wá ṣe? Òní kọ́ lọjọ́ rẹ." Ọmọbìnrin náà, tó ti di ọmọge, ń fọ agolo búrẹ́dì. Ó kí ìyá rẹ̀ bí ẹni ń kí oníbàárà: "Ẹ káàbọ̀, mà." Ìyàwó ò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Èmi ni mo wọlé, mo sì sọ ọ́.

"Ẹ tún un sọ," ni ẹ̀gbọ́n wí. Mo tún un sọ. Ó fa ọwọ́ méjèèjì yọ nínú ìyẹ̀fun. "Mo bi yín! Mo dúró nínú yàrá yín, mo bi yín!"

"Ẹ bi mí lóòótọ́."

"Ẹ wo ojú mi báyìí, ẹ ní kò sí àléébù!"

"Mo ní kò sí."

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ká ní ó gbá mi, ara ì bá tù mí díẹ̀. Àpótí ìjókòó kan ló fà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi aṣọ ìdí rẹ̀ nù ún, ó tún un nù. Ó ní, "Ìyàwó, wọlé. Jókòó." Ìyàwó wọlé, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ọmọ náà ti bọ́ sí àárín ilé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ máa ń yí bàbá mi?"

"Mo máa ń yí i," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó tún un sọ sókè, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Gbogbo òru ni mo ń yí i. Mi ò sùn."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò dúró de èsì. Mo ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ wọn, kò yẹ kí n tún gba ọ̀sán wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ìdílé kan bá padà wá pé nǹkan ò dára, ẹ kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò, kí ẹ tó yẹ ìwà wọn wò. Ọmọ náà ti ń tú aṣọ iṣẹ́ kúrò lọ́rùn, ó ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nígbà tí mo gbé báàgì mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ààrò kọjá, mo jáde.