Mo Fi Ẹnu Pa Ìyá Mi

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Láàárọ̀, bí ọyẹ́ bá gba ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè orí mi, mo máa ń rò pé Òkè-Ọ̀dàn ni mo wà, pé màá gbọ́ ohùn Màámi lẹ́yìnkùlé. Wọ́dà á wá kan ilẹ̀kùn, ojú mi á sì là. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu aláròká.

Arẹwà ọkùnrin ni mí. Mi ò fi ṣe fáàrí, òun ló kó bá mi. Làmídì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìlaròó. Òun ló kọ́kọ́ ní kí n dúró síwájú kámẹ́rà fún kàlẹ́ńdà obìnrin kan tó ń ta léèsì. Bí mo ṣe di módẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Mo ṣe é dé Èkó, títí wọ́n fi mú mi fún ètò tẹlifíṣọ̀n kan. Wọ́n kó àwa ọ̀dọ́ sínú ilé kan, kámẹ́rà ń wò wá, àwọn òǹwòran sì ń dìbò fún ẹni tí wọn ò ní lé lọ sílé.

Màámi ò sí nílé nígbà yẹn. Wọ́n ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn ní abúlé kan lẹ́yìn bodè. Wọn kì í lo fóònù. Ẹnu àwọn tó ń kọjá la ti ń gbúròó wọn. Ìgbà tí ìjọba ti bodè, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Bí àlá ni ilé tẹlifíṣọ̀n yẹn rí. Iná funfun, ilẹ̀ tó ń dán, kò sí aago lára ògiri, èèyàn ò mọ ọjọ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan sunkún bàbá rẹ̀ tó kú, àwọn òǹwòran sì dá a sí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kàn mí. Mo jókòó síwájú kámẹ́rà, mo ní, "Màámi ti kú sẹ́yìn bodè. Mi ò rí ojú wọn kí wọ́n tó sin wọ́n." Omijé wá fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí sàréè náà.

Wọ́n dá mi sí.

Ìgbà tí mo délé, ẹbí ti ṣe fídáù, wọ́n ti pín aṣọ Màámi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dì mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí tẹlifíṣọ̀n ló yẹ ká ti gbọ́ ọ?" Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Iléeṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan sì ti ní kí n máa polówó ọjà àwọn; wọ́n ní ìtàn ìyá mi ló wú àwọn lórí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Làmídì pè mí sí ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá ti dé. Wọ́n gba ọ̀nà igbó wọ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, wọ́n gun ọ̀kadà débí, wọn ò tíì délé. Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi, wọ́n ń béèrè ẹ."

Mo ní, "Dá wọn padà."

"Dá ta ni padà?"

"Oṣù díẹ̀ péré, Làmídì, títí màá fi parí iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ yẹn."

Ó wò mí. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Lọ sọ fáyé pé wọ́n wà láàyè. Bí o ò bá sọ ọ́, màá ya Màmá ní fọ́tò, màá sì gbé e síta."

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó fẹ́ mú kámẹ́rà. Mo gbé irin tí wọ́n ń gbé iná fọ́tò lé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lù ú. Lójú mi, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan lẹ́yìn kámẹ́rà máa tó ní ká dúró, ká tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kú, ó fi ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ sílẹ̀.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba bi Màámi pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí ọkùnrin yìí?"

Màámi wò mí. Wọ́n ní, "Ó ti sọ fáyé pé ìyá òun kú. Èmi ò ní pè é ní òpùrọ́."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí. Wọn ò tíì wá wò mí níbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Yewa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ayé mọ̀ yín, mi ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín léèrè ìyá yín, ẹ sọ òótọ́, kódà bí wọ́n bá máa torí ẹ̀ lé yín. Ilé yín náà ni wọ́n máa lé yín lọ, ìyá yín ló sì wà níbẹ̀.