Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Káàdì

Alága ìjókòó, Ọ̀gá Ctibor Hladil, olùdarí ilé ìtẹ̀wé yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, mo júbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to lẹ́tà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di ìwé, ẹ̀yin àlejò wa láti káàkiri Plzeň, ẹ kú ìkàlẹ̀. Hedvika, ọmọ Otýlie, ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, mo kí ẹ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé búrẹ́dì ẹlẹ́yin yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ mi ò bá oúnjẹ lọ.

Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń yí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí aráyé ń sọ lójoojúmọ́ sí èdè wa tá à ń sọ ní Plzeň níbí. Ta ló kọ́ mi? Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó sùn sílé wa lọ́dún 1945 ni. Mi ò wọ yunifásítì rárá. Nígbà tí mo débí, Otýlie Ryšlavá ló gbà mí sídìí tábìlì ẹ̀. Á gbé káàdì mi símú, á fi ìnagijẹ mi pè mí: "Vendo, Gẹ̀ẹ́sì ẹ ṣì ń rùn ṣingọ́ọ̀mù! Lọ tún un kọ." Obìnrin yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ṣọ́ọ̀bù, nínú ọkọ̀ tíráàmù, lọ́dọ̀ dókítà eléyín, lédè méjèèjì. Káàdì la fi ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè wa. Káàdì kan, ọ̀rọ̀ kan: Gẹ̀ẹ́sì níwájú, èdè wa lẹ́yìn, orúkọ ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá káàdì ló fi pẹ́ńsùlù elésè-àlùkò kọ.

Ọdún 1971 ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Gbọ̀ngàn yìí náà ni. Wọ́n gbé ìwé síwájú wa, pé ká fọwọ́ sí i pé ìrànlọ́wọ́ ni àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ òkèèrè tó ya wọ ìlú wa lọ́dún 1968 wá ṣe fún wa. Ọ̀gá Hladil, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wolẹ̀ yẹn, ẹ fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Otýlie nìkan ló ní, "Irọ́ ni. Mi ò kì í túmọ̀ irọ́." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti lé e kúrò níbí, ó ti ń kó èédú sí iná bọ́ílà ilé ìfọṣọ. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1979.

Èmi ńkọ́? Mo mú rọ́bà, mo pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ lára gbogbo káàdì yẹn, mo kọ tèmi sí i. Ọ̀gá Hladil ló ní kí n ṣe é. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ìwé atúmọ̀ èdè náà jáde, orúkọ èmi Vendelín Kubrycht nìkan ló wà lára ẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí!

Ó wá di oṣù kẹta ọdún yìí, a bẹ̀rẹ̀ àtúntẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ tuntun nípa kọ̀ǹpútà síwájú káàdì, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn káàdì ti kún. Pẹ́ńsùlù elésè-àlùkò. Ọwọ́ ìkọ̀wé Otýlie gan-an. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń fi mí ṣeré. Ẹ rántí bí mo ṣe bú yín. Mo kọ káàdì míì, mo ti dúrọ́ọ̀ pa, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́rùn. Ó tún kún. Obìnrin tó kú kí kọ̀ǹpútà tó wọ ìlú yìí! Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ìtumọ̀ ẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Kí ni mo ṣe? Mo tún kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Mo ja òkú lólè lẹ́ẹ̀kejì.

Látọjọ́ náà lèsì ti yí padà. Mo kọ "Ẹ jókòó" ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn káàdì ní, "Orí àga mi lo jókòó sí." Mo kọ "Òtútù mú lónìí", ó ní, "Èédú ti tán níbí." Mo kọ "Kí lorúkọ yín?" Ó ní, "Otýlie Ryšlavá. Vendo, ìwọ ńkọ́?"

Káàdì yẹn rèé. Hedvika, wá wò ó. Ṣé ọwọ́ màmá ẹ kọ́? Ẹ wo bó ṣe fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gá Hladil, lọ́jọ́ Ajé ni ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé yìí. Mo ti bẹ̀ yín pé ká fi orúkọ ẹ̀ síwájú. Ẹ ní, "Vendelín, fi òkú sílẹ̀ jàre, kò lè kàwé." Kò lè kàwé? Ó ń kọ ọ́! Ojú ìwé àkọ́kọ́ rèé. Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo ti fagi lé tèmi. Bíírò rèé. Ẹ ò bẹ̀rù àtifọwọ́ sí irọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí. Ṣé òótọ́ lẹ wá ń bẹ̀rù? A ò kánjú o. A ń wò yín.

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Gbogbo yín lẹlẹ́rìí.

Ó ku ẹyọ kan. Lánàá, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére Gẹ̀ẹ́sì sórí káàdì, mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ Otýlie sísàlẹ̀, mo lọ jẹun. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì la ní: sbohem là ń sọ fẹ́ni tá ò ní rí mọ́, na shledanou là ń sọ fẹ́ni tá a ṣì máa rí. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ ti àkọ́kọ́ ló kọ. Àpò mi ni káàdì náà wà látàná; mi ò tíì láyà láti yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà fún yín ná.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí orúkọ yín sọnù lára iṣẹ́ yín. Ẹ ò ní jókòó sórí àga ẹlòmíì. Hedvika, òtútù ò ní mú ẹ láyé ẹ. Ọ̀gá Hladil, ẹ máa rí oorun sùn.

Ó dáa. Mo yí i padà.

"Na shledanou, Vendo. Mú èédú dání."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ẹ̀wù òtútù mi wá.