Eyín Tèmi Lára Ìjókòó Píjò

Má fún mi lómi, Béjidé, má fún mi ní nǹkan kan, mi ò wá jókòó, gbé àga yẹn kúrò níwájú mi! Láti Iléṣà ni mo ti ń bọ̀, òùngbẹ ń gbẹ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n mu omi ilé rẹ kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, kò lè ṣeé ṣe. Sọ fún ìyàwó rẹ kó wọ yàrá lọ. Tàbí kó dúró, kó gbọ́ irú ọkọ tó fẹ́!

Kí lo wí? Kí n rẹ ohùn sílẹ̀? Nítorí àwọn ará Dàda Estate? Háà! Lọ́jọ́ tí gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń wo ẹkún Màámi nínú tẹlifíṣàn, ta lo sọ fún pé kó rẹ ohùn sílẹ̀? Ṣé òní lo wá mọ̀ pé o ní aládùúgbò?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá. Píjò Bàámi, tí ìwọ kọ lẹ́tà sí àwọn ará tẹlifíṣàn nítorí rẹ̀, tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò, tí gbogbo ayé ń kí wa kú oríire. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọkọ̀ náà ti wà lójú kan nínú ọgbà wa, Màámi ò ṣílẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, nínú oòrùn, ọkọ̀ pupa rẹ tó ń dán yanran wà nílé, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.

O tún ń bi mí pé kí ló dé? Ìjókòó, Béjidé! Ìjókòó iwájú! Awọ tó wà lára ìjókòó yẹn, níbo ló wà?

O gbàgbé. Ẹ gbà mí o, ó ní òun gbàgbé! Ó dáa. Dákẹ́, jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ, èmi ò gbàgbé ẹyọ kan.

Ta ló kọ́kọ́ tún Píjò yẹn ṣe? Ṣé tẹlifíṣàn ni? Bàámi ni, Tíṣà Akíndélé, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìbòkun, tí kì í ṣe mẹkáníìkì, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́. Ọkọ̀ tó forí sọ igi ni, ẹni tó ni ín ti pa á tì sẹ́bàá igbó, Bàámi rà á, wọ́n fi okùn wọ́ ọ wá sínú ọgbà wa ní Iléṣà, àwọn ènìyàn ń bi í bóyá adìẹ ni wọ́n fẹ́ máa kó sínú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko! Bí Bàámi bá ti dé láti ilé ìwé báyìí, wọ́n á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní èdè Faransé ló wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbọ́ Faransé, àwòrán ni wọ́n ń wò. Ibi tí wọn ò bá rí irin rà, wọ́n á fi igi gbẹ́ ẹ. Awọ ìjókòó yẹn, abẹ́rẹ́ àwọn aránbàtà ni wọ́n fi rán an, ìka wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, Màámi jó yí ọkọ̀ ká tàwọn ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sá wọ ẹ̀yìn, èmi, ìwọ, Tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo dárúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí o ń wo ilẹ̀? Tèmi! Àbúrò rẹ tó tẹ̀lé ọ!

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbòkun, ta ló máa ń dúró lẹ́yìn Bàámi? Ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn máa ń bà á, kì í ké, kì í sunkún, á kàn ki eyín bọ orí ìjókòó Bàámi, á dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a ó fi dé ìsàlẹ̀. Ta ló sì máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ìwọ ni! "Bàámi, Tèmi tún ń jẹ ọkọ̀ yín o!" Ẹnu rẹ yẹn náà ni! Bàámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́, bó bá jẹ ẹ́ tán, á ra òmíràn fún wa. Eyín ọmọ yẹn wọ inú awọ, ó hàn kedere, ti òkè, ti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àlàfo kan níwájú níbi tí eyín kan ti yọ tí òmíràn ò tí ì hù.

Kò hù títí tó fi lọ. Ọmọ ọdún méje. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọjọ́ Ẹtì la sin ín, nígbà tó di Sátidé, ìyá Màámi ti dé láti oko, wọ́n kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀, bùbá, bàtà, síléètì, fọ́tò kan ṣoṣo tó yà nígbà Kérésì, wọ́n ní kí ojú Màámi má baà máa rí wọn. A ò mọ ibi tí wọ́n kó wọn sí títí dòní. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé, a ò sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ronú kan ìjókòó ọkọ̀? Ìyẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ní gbogbo ayé tí Ọlọ́run dá yìí, ibi tí ọmọ yẹn ti fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìwọ sì ní o gbàgbé!

Nígbà tí Bàámi kú, tí àwa méjèèjì ń bẹ Màámi pé kí wọ́n ta Píjò yẹn, pé ó ti gbó, pé ó ń mu epo bí òùngbẹ ni ń gbẹ ẹ́, kí lo rò pé kò jẹ́ kí wọ́n tà á? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Màámi á wẹ ọkọ̀ yẹn, bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á wọ ẹ̀yìn, wọ́n á jókòó, wọ́n á na ọwọ́ sórí ìjókòó iwájú. Wọ́n á jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á lọ dáná. Mo rí wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò bi wọ́n rí.

Ìwọ wá ránṣẹ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú Màámi lọ sí Ìbòkun fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wọ mọ́tò lọ, mo fẹ́ kun ilé fún wọn, òórùn ọ̀dà ò dáa fún àyà wọn." Ọ̀dà ilé! Mo sì gbà ọ́ gbọ́, nítorí o ń ṣiṣẹ́ ìjọba, owó ń wọlé, mo ní àbúrò mi ti ń rántí ilé. Èmi ni mo pa irọ́ yẹn fún Màámi, Béjidé! Wọ́n ń bi mí ní ibùdókọ̀, wọ́n ní ta ni yóò máa tan ọkọ̀ àwọn ní àràárọ̀. Mo ní kí ọkàn wọn balẹ̀, mo ní Béjidé wà níbẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́!

Ọjọ́ tí a padà dé ńkọ́? Èrò kún ọgbà fọ́fọ́, aṣọ funfun bo ọkọ̀, olóòtú ètò yẹn so táì aláwọ̀ ewé, ó ń pariwo bí ẹni tó ń polówó oògùn kòkòrò: "Sọ Ọ́ Dọ̀tun, ètò tó ń sọ ọkọ̀ àlòkù di ọkọ̀ ọba!" Ó fa aṣọ yọ. Pupa! Ọkọ̀ tó ti jẹ́ àwọ̀ eérú láti ìgbà tí Bàámi ti kùn ún. Màámi ò bínú o. Mo fi Ọlọ́run búra, wọn ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á san án fún yín," wọ́n fọwọ́ pa ọ́ lórí. Wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Olóòtú ní, "Màmá, iwájú ni ti awakọ̀ o!" àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Màámi wọ ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́.

Àrán. Àrán tó rí múlọ́múlọ́ bí irun ológbò. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún nà án. Wọ́n fi ìka wá a láti apá ọ̀tún dé apá òsì bí afọ́jú. Wọ́n yíjú sí mi. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n wò, èmi ni! "Fadékẹ́, ibo lẹ gbé e sí?" Igbe tí wọ́n wá ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Tèmi kú, nítorí lọ́jọ́ yẹn àwọn àgbà ò gbà kí Màámi ké. Kámẹ́rà sì gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wọ́n! "Ẹ wo omijé ayọ̀ ìyá!" Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́, mo rí ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n pe Màmá Phebe Akíndélé síwájú ìjọ pé kí wọ́n wá dúpẹ́. Màámi lọ. Wọ́n kúnlẹ̀, àlùfáà gbàdúrà, gbogbo ìjọ fèsì. Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀jẹ̀ wà létè wọn, wọ́n ti gé ètè ara wọn jẹ.

Rárá, mi ò tí ì parí! Nígbà tí àwọn ará tẹlifíṣàn gbé ètò náà jáde, àwọn aládùúgbò gbé àga wá sí pálọ̀ wa láti bá wa wò ó. Ibẹ̀ ni a ti rí i. Olóòtú yẹn gbé kámẹ́rà sún mọ́ ìjókòó, eyín Tèmi kún gbogbo ojú tẹlifíṣàn, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, eku inú ọkọ̀ yìí mà tóbi o!" Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Béjidé, o ń rẹ́rìn-ín, o ń di ikùn mú. Wọ́n ju ìjókòó sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n da epo sí i, wọ́n ṣáná. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀. Màámi jókòó láàárín wọn, wọ́n wò ó títí tó fi jó tán.

Má sọ fún mi pé àwọn ará tẹlifíṣàn ni! Bẹ́ẹ̀ ni má sì dárúkọ Mùyídéènì, nítorí ọ̀rọ̀ Mùyídéènì gan-an ló gbé mi wá. Panẹbítà Òkè-Baálẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ mú wá fún wọn, tí gbogbo wa rí nínú tẹlifíṣàn tó ń tú ìjókòó. Ní ìjẹta, òun àti Raliat ìyàwó rẹ̀ wọ mọ́tò wá sí Iléṣà, wọ́n gbé ọsàn dání, wọ́n ní àwọn wá wò ó bóyá ọkọ̀ ń ṣe dáadáa fún Màmá. Màámi jáde sí wọn. Màámi tí a ò gbọ́ èébú lẹ́nu wọn rí, tí ìdajì àdúgbò wa jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀! Wọ́n tú gèlè, wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ṣépè. Wọ́n ní ọwọ́ tó tú ìjókòó ọmọ àwọn, kò ní í gbé òòlù mọ́, kò ní í gbé òkèlè dé ẹnu. Raliat ń ké "Súbúhánàláhì! Súbúhánàláhì!" Ọsàn fọ́n ká ilẹ̀.

Mo sáré tẹ̀lé wọn dé títì, mo bá wọn. Mo bi Mùyídéènì bóyá kò rí eyín ara awọ yẹn ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Mo ní bọ̀dá Béjidé, eyín ọmọdé lèyí o, ẹ jẹ́ kí n tún awọ yìí rán, ó ṣì lágbára, tàbí kí ẹ bi Màmá kí a tó tú u. Bọ̀dá ní eku ni. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ojú ti àwọn níwájú kámẹ́rà."

Bẹ́ẹ̀ lo ṣe wí. Gbé ojú sókè. Bẹ́ẹ̀ kọ́?

Mo kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó jókòó sórí táyà, òòlù wà nílẹ̀. Ó ní òun ò gbà pé èpè ń ja ẹni tí kò ṣẹ̀, Ọlọ́run ló ni òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn ń gbọ̀n, Béjidé, mo fi ojú mi rí i. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún Màámi pé ìwọ ni. Ó ní kò yẹ kí òun wá láti Òkè-Baálẹ̀ wá ba àárín ìyá àti ọmọ jẹ́.

Mo gbà pé o fẹ́ kí inú Màámi dùn. Mo gbà, mi ò ní o kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn sọ fún ọ pé eyín ọmọdé ni, ọmọ ta lo rò pé ó jẹ́? Ọmọ mélòó ló wọ ọkọ̀ yẹn?

Kí lo wí? Awọ tuntun? O fẹ́ ra awọ tuntun, kí wọ́n fi rán ìjókòó bíi ti Bàámi? Háà! Ha-ha! Ta ni yóò wá gé e jẹ, Béjidé?

Ó tó. Sunkún nínú mọ́tò, mi ò ráyè. Iléṣà là ń lọ báyìí, a ó yà gbé Mùyídéènì, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni yóò jókòó sí. Bí a bá dé, èmi ò ní í bá ọ wọlé, èmi ò ní í bá ọ bẹ̀bẹ̀. Ìwọ ni yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú Màámi, ìwọ ni yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, "Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u. Ẹ gbé èpè náà kúrò lórí ọwọ́ ọkùnrin yìí." Bí Màámi bá sì ní kó bọ́ sórí ọwọ́ tìrẹ, wàá gbà á.

Bàtà rẹ dà?