Ọjà Ayébòdé Kò Mọ Mọ́ńdè

Inú takisí tó ń dúró de èrò ní Ọ̀yẹ́ ni mo ti gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí ara wọn ò balẹ̀ rárá.

Obìnrin ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ọ̀sán òní la máa fi han olùkọ́! Ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọjọ́ ọjà, o wá ní gbogbo Mọ́ńdè ni wọ́n ń ná ọjà Ayébòdé?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo wò. Inú kíláàsì Ọjà, ìyẹn àwòkọ́ṣe inú ètò náà, ni mo kọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni gbogbo ọjà yòókù ti ń mú tiwọn."

"Gbogbo wọn ló ti ṣì nìyẹn! Ọrọọrún là ń ná ọjà wa. Ọjà Ayébòdé kò mọ Mọ́ńdè."

"Jẹ́ n tún ti Ayébòdé nìkan ṣe kíá."

"Uṣẹ́ kọ́ nìyẹn o! Ibi tí gbogbo wọn ti ń mú un ni kó o tún ṣe. Àbí ẹ̀yìn ìyá rẹ kọ́ lo wà tó fi ń ná ọjà yìí?"

Ọmọkùnrin náà padà sí kíláàsì Ọjà, ó pa Mọ́ńdè rẹ́.

"Tí mo bá ti ṣí kọ̀ǹpútà báyìí," ó ní, "ńṣe ló máa ń dà bíi pé mi ò mọ nǹkan kan rí."